Ìgbà Tí Mo Fọwọ́ Sí Ìwé fún Ìyá Oníkúnú

Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo ti sọ ìtàn yìí lóríṣiríṣi ọ̀nà fún oríṣiríṣi ènìyàn. Nínú òmíràn, èmi kọ́ ni mo jẹ̀bi. Nínú òmíràn, mo tilẹ̀ gba ìyìn. Èyí tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ni èyí tí ìyàwó mi gbà pé ó jọ òótọ́ jù. Ó jókòó sítòsí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ń húkọ́ nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ yà bàrà.

Ilé gígùn kan là ń gbé ní Makera, ní Kaduna, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan gba àárín kọjá dé ẹ̀yìnkùlé. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wa: ará Ìlọrin, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, onímọ́sálásí àti oníṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa la sì ń fi Haúsá bú ara wa, nítorí pé èébú Haúsá kì í pẹ́ lára. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan ní Kakuri ló gbé mi wá sí ìlú yìí, mo sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ, bí fèrè wa bá dún láàárọ̀, àwọn ewúrẹ́ tó wà ní Gonin Gora lọ́hùn-ún á dìde, wọ́n á tò sórí ìlà bí ẹni tó fẹ́ wọṣẹ́. Ìyàwó mi ti húkọ́. Ó ní mi ò dé Gonin Gora rí nígbà náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo mọ ewúrẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni kànga wa wà. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé náà kúrú, torí náà ó mọ ẹnu kànga rẹ̀ ní ìwọ̀n ara rẹ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Gbogbo wa la ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó lè fa omi, gbogbo wa la ń di ìbàdí mú, àfi ẹnìkan ṣoṣo. Ìyá Oníkúnú kò nílò kó bẹ̀rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti kékeré ní Ìlọrin, ọwọ́ ló fi ń rìn, ó máa ń ki sílípáàsì bọ ọwọ́ méjèèjì bí àwa ṣe ń kì í bọ ẹsẹ̀. Ní ìdájí, lẹ́yìn ìrun, á wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ kànga, á jókòó tì í, á sì fa garawa mẹ́wàá láìsinmi. Apá rẹ̀ le ju tèmi lọ nígbà tí mo ṣì ń gbé igi aṣọ. Omi yẹn ló fi ń fọ ọkà gero, òun ló fi ń lọ̀ ọ́, òun ló fi ń po kúnú, ohun mímu àwọn Haúsá, tó ń tà fún àwọn lébìrà ní ìsàlẹ̀ Kakuri. Kò sẹ́ni tó ń bá a fa omi, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Bí o bá ní kí o ràn án lọ́wọ́, á wò ọ́ títí ojú á fi tì ọ́.

Báyìí la wà kí àjọ aṣèrànwọ́ kan tó dé.

Mo ti rí àjọ rí. Wọ́n á dé pẹ̀lú ọkọ̀ funfun, wọ́n á wọn ilẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Èyí yàtọ̀. Ẹnjiníà kan ló bá wọn wá, ọkùnrin gbígbẹ tí kì í rẹ́rìn-ín, àti omidan kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kaduna. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n Haúsá ló fi ń dá wa lóhùn. Omidan yìí ló bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, àjọ bíi tiwọn á kàn gbẹ́lẹ̀ ni, wọ́n á rò pé oore ni àwọn ṣe. Ó ní ìyẹn ti di àná. Omi mímu kì í ṣe sàráà. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni, ẹni tó bá sì ni ẹ̀tọ́, a gbọ́dọ̀ bi í léèrè kí a tó gbé ohunkóhun kà á lórí, kódà bí nǹkan náà bá dára. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ilé lọ.

Bóyá ìpàtẹ́wọ́ yẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi mú mi ṣe alága kọ́mítì omi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìyókù ni mo fi etí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Haúsá, mo sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì bínú. Ẹni tó tó mi dàgbà kò sì sí nínú ilé.

Ẹnjiníà ní kànga wa sún mọ́ ṣáláńgá jù. Ó ti bu omi rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, omi náà kò dára fún ọmọdé, kò dára fún àgbà. Wọ́n á gbẹ́ pọ́ǹpù tí à ń fi ọwọ́ tẹ̀ síwájú ilé, wọ́n á sì la gọ́tà tí kò ní jẹ́ kí ẹrẹ̀ máa dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dí kànga. Nítorí náà omidan fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ti tẹ orúkọ gbogbo àgbàlagbà ilé sí. Ó ní kí oníkálukú gbọ́ ọ, kí ó bi ìbéèrè tó bá ní, kí ó sì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ó tún un sọ: fúnra rẹ̀. Ó ní òun á padà wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì.

Ẹ gbọ́, kí ẹ má baà rò pé mo jẹ́ olè. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí à ń ṣe lóṣooṣù, akọ̀wé máa ń pe orúkọ. Bí ẹnìkan kò bá sí níbẹ̀ tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á dáhùn pé, "Ó wà ńbí," kí wọ́n má baà bu owó ìtanràn lé e. Gbogbo wa la mọ̀. Akọ̀wé gan-an mọ̀. Ẹni tó bá jókòó tí wọ́n pe orúkọ aládùúgbò rẹ̀ tí kò dá a lóhùn, ìkà la ń pè é. Mo ti dáhùn fún ẹni tó wà ní Mẹ́kà rí. Mo ti dáhùn fún ẹni tí a ti sin rí, nítorí akọ̀wé kò tíì yọ orúkọ rẹ̀, ó sì ń ṣe mí bákan láti gbọ́ kí orúkọ náà dún kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àyè mẹ́rin ló ṣófo nínú ìwé náà. Ọ̀kan jẹ́ ti awakọ̀ kan tó wà lójú ọ̀nà Zaria, méjì jẹ́ ti tọkọtaya kan tó lọ síbi ìsìnkú. Ìkẹrin jẹ́ ti Ìyá Oníkúnú, tó lọ ra gero ní Kawo láti àárọ̀. Omidan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo àwọn àyè náà, wọ́n dà bí eyín tó ká. Mo mú báírò, mo sì dáhùn fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo tilẹ̀ fi irú ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i, ti awakọ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sáré.

Nígbà tí wọ́n parí pọ́ǹpù, gbogbo ilé ló yọ̀. Omi náà tutù, ó mọ́, mo mu ife mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà, ikùn mi sì ń dún bí ọkọ̀ tánkà títí di ọ̀sán. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ da kọnkéré bo ẹnu kànga. Ìyá Oníkúnú ti lọ tajà; ó ti rí i pé wọ́n ń gbẹ́ pọ́ǹpù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n á dí kànga. Nígbà tó dé, ó wọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a sì gbọ́ pé sílípáàsì ọwọ́ rẹ̀ dákẹ́.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọnkéré náà. Kò tíì gbẹ tán.

"Ta ló ní kí wọ́n dí i?"

"Àjọ ni," ni mo wí.

"Àjọ bi mí?"

Ìyàwó mi kò mọ ohun tí mo ṣe nígbà náà. Ó ní, "Wọ́n ní gbogbo wa la fọwọ́ sí i, ìyá."

"Èmi ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

Mo gbójú sókè, mo ní ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Kò sí àwọsánmà kankan lójú ọ̀run.

Ó lọ wo pọ́ǹpù. Wọ́n ti gbé e sórí pèpéle gíga, àtẹ̀gùn méjì ló wà níbẹ̀, ọwọ́ irin tí à ń tẹ̀ sì ga tó àyà mi. Ó gun àtẹ̀gùn náà. Ó na ọwọ́. Ìka rẹ̀ kò tó ibi tí ọwọ́ irin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lójú gbogbo wa, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ kejì, ọwọ́ mẹ́rúwà tó ń ti omi kiri ló ti ń ra omi, omi náà sì wọ́n ju kí kúnú tún mú èrè wá. Kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ìkòkò rẹ̀ dojú délẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn lébìrà wá wò ó títí, wọ́n sì lọ wá ẹlòmíràn.

Ara mi kò wá lélẹ̀ mọ́. Orí ìdúró ni mo ti ń jẹun. Mo ń rìn dé títì ńlá, màá padà, màá tún lọ. Bí mo bá jókòó sí mọ́sálásí, á dà bíi pé ẹni tó wà lẹ́yìn mi mọ̀. Bí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá kọ́kọ́ húkọ́, màá tún sáré kọjá kó tó lè kí mi.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó mi wí, "ṣé eèrà ló wọ ṣòkòtò yín ni?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn tó ń dunni kì í rìn tó báyìí."

Mo sọ fún un nígbà tó yá. Kò pariwo. Ó ní, "Àwọn kan ti mọ̀. Wọ́n rí yín pẹ̀lú báírò." Ó wá hàn pé ó kù díẹ̀ kí gbogbo ilé mọ̀ tán, àfi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ìyá Oníkúnú mọ̀wé jù mí lọ. Àjọ ti kan àpótí ẹ̀sùn kékeré kan mọ́ ògiri, a sì ti rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ó ní kí wọ́n gbé òun sókè dé ibẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí ó bẹ ẹnìkan nìyẹn, ó sì ju ìwé kan sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a gbọ́ pé omidan ń bọ̀ wá ṣe ìwádìí.

Ni àwọn ọkùnrin ilé bá wá bá mi ní yàrá. Awakọ̀ ló gba ẹnu wọn sọ ọ́. "Bàbá, a ò bá yín jà. Èmi náà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ìwé yẹn ò pé, wọn ò ní la gọ́tà mọ́. Wọ́n lè tú pọ́ǹpù kúrò. Ẹ kàn dákẹ́. Ẹ̀yin ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn."

Mo sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí omidan dé tó jókòó síwájú mi pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo sọ fún un pé ní ọjọ́ tí a ń fọwọ́ sí ìwé, ìjì eléruku kan jà ní Makera tó jẹ́ pé ènìyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìjì náà já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọ inú yàrá kan jáde sí òmíràn. Ẹni tó bá bà lé lọ́wọ́ á yára fọwọ́ sí i kó tó tún fò. Mo ní Ìyá Oníkúnú lè ti fọwọ́ sí i nínú eruku yẹn kó máà mọ̀. Mo ní adìyẹ mẹ́ta ni a kò rí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ adìyẹ náà. Lẹ́yìn náà ó fi Yorùbá ka gbogbo rẹ̀ fún mi, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì gbọ́ irọ́ ara mi lẹ́nu ẹlòmíràn báyìí. Kò ní iyọ̀.

"Bàbá, ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" ni ó wí. "Ẹ̀tọ́ Ìyá Oníkúnú ni kí ó gbọ́ èsì. Èmi ni màá kà á fún un."

Mo dìde. Mo rìn dé ẹnu géètì, mo padà. Mo tún rìn dé ibẹ̀. Mo rò ó bí á ṣe jókòó sílẹ̀ tí omidan á máa ka ìtàn adìyẹ fún un. Nígbà tí mo padà lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ọ̀nà Ìyá Oníkúnú ni ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ. Ó ń fọ sílípáàsì ọwọ́ rẹ̀ nínú omi díẹ̀ tó rà.

"Èmi ni," ni mo wí.

"Ẹ̀yin ni kí ni, Bàbá?"

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i fún ọ. O lọ sí Kawo. Mi ò fẹ́ kí àyè rẹ ṣófo."

Ó ń fọ sílípáàsì náà lọ. Ó fọ abẹ́ rẹ̀, ó fọ okùn rẹ̀.

"Ẹ ò lè dúró kí n dé?"

"Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé wàá gbà. Omi yẹn kò dára."

"Mo mọ̀ pé kò dára. Bóyá ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ọwọ́ pọ́ǹpù sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni." Ó gbé sílípáàsì náà síbi tí oòrùn wà. "Bàbá, ẹsẹ̀ mi ni kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ yẹn gan-an lẹ wá fi tiyín rọ́pò."

Ìyàwó mi kò húkọ́ níbí yìí.

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé bí mo bá wólẹ̀ ta ni yóò gbé mi dìde. Ó ní ohun tí òun fẹ́ ni kí n máa pọn garawa mẹ́wàá fún òun ní ìdájí, láti ọ̀la títí di ọjọ́ tí òun á lè fa omi fúnra òun. Ó ní kí n má rán ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé ó mọ ọjọ́ orí mi. Ó ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé òun ti gbọ́ ọ ní oríṣi mẹ́ta lẹ́nu mi.

Mo padà lọ sọ òótọ́ fún omidan. Ó fa ìlà gba orí adìyẹ kọjá. Ó ní ìwé àkọ́kọ́ ti di òfo. Wọn kò ní tú pọ́ǹpù, nítorí omi kì í ṣe ìjìyà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gọ́tà á dúró títí ìwé tuntun á fi pé, olúkúlùkù pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀. Awakọ̀ kò kí mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n yọ mí kúrò ní alága kọ́mítì, wọ́n sì fi ìyàwó mi sí i. Ó ti húkọ́, ó ní kí n kọ ọ́ dáadáa pé òun ò bẹ̀bẹ̀ fún un.

Mo sì ń pọn omi. Ìdájí Kaduna nínú ọyẹ́, irin pọ́ǹpù á mú ọwọ́ bí eyín ajá. Garawa kẹfà ni ejìká mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá Oníkúnú á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á máa kà á. Kúnú padà, àwọn lébìrà náà padà díẹ̀díẹ̀. Ó ń tà fún èmi náà, lẹ́yìn gbogbo ènìyàn.

Ní Ọjọ́rú kan, ẹnjiníà àti omidan mú àwòrán tuntun wá. Wọ́n á wó àtẹ̀gùn, wọ́n á fi ilẹ̀ tó rọra ń gòkè rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì fi irin gígùn tó tẹ̀ wálẹ̀ ṣe ọwọ́ pọ́ǹpù. Gbogbo ilé ti fọwọ́ sí i ṣáájú ọ̀sán. Orúkọ kan ló kù. Wọ́n ní kí èmi jókòó jìnnà, mo sì jókòó jìnnà, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́.

Ìyá Oníkúnú kọ́kọ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un kà. Ó béèrè ibi tí gíga ilẹ̀ náà á ti bẹ̀rẹ̀, àti bóyá á máa yọ̀ nígbà òjò. Ó béèrè ta ni yóò máa gbá a. Ẹnjiníà ń fi báírò lu orúnkún. Lẹ́yìn náà ó ní kí ẹnjiníà jókòó sílẹ̀.

"Sí ibo?"

"Sílẹ̀, sà. Ẹ ká ẹsẹ̀ yín. Ẹ wá na ọwọ́ sókè dé ibi tí ẹ kọ síbí yìí."

Ọkùnrin náà wo omidan. Omidan ń wo ìwé rẹ̀. Ó jókòó sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀, ó na ọwọ́, omidan sì fi tépù wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó ibi tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ó dìde, ó gbọn ìdí, ó pa ìlà kan rẹ́, ó sì fa òmíràn sísàlẹ̀ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pè é ní "mà".

Omidan wá nawọ́ báírò sí i. Ìyá Oníkúnú kò gbà á.

"Mo ti gbọ́," ni ó wí. "Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi kí n rò ó. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Wọ́n wo ara wọn. Mo rò pé wọ́n á bẹ̀ ẹ́. Omidan pa fáìlì rẹ̀ dé, ó ní kò burú, ó sì kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ funfun wọn, wọ́n lọ.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí eruku ọkọ̀ náà tó rọlẹ̀.

"Ìyá, kí ló kù tí o fẹ́ rò? Wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tí o ní kí wọ́n ṣe."

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá. Ìdí tí mo fi fẹ́ rò ó nìyẹn."

"Bí o bá fọwọ́ sí i lónìí, ọ̀la ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ó sì kọjú sí ìkòkò rẹ̀. Mo ka ọjọ́ lórí ìka: Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Mo tún un kà bóyá ó máa dín.

"Bàbá," ni ó wí láìwẹ̀yìn, "lọ́la, ẹ má jẹ́ kí garawa kún jù. Ẹ ń dà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà."